Ẹja ẹlẹ́gungun lára tí àbúrò mi fi sílẹ̀ fún mi: ṣé kí n dà á sódò ní Ìgèdè?

Aránṣọ Ìgèdè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi dá sí i.

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wà nílé ìwé ní Adó, ó ra àwọn ẹja tí wọ́n máa ń wò nínú gíláàsì. Iṣẹ́ wá gbé e lọ sí Pọ́táákọ̀, ló bá gbé gbogbo ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní Ìgèdè, ó ní kí n bá òun mójú tó o. Àwọn ẹja pupa kéékèèké kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tí ẹni tó tà á fún un pè ní “kílínà”, pé òun ló ń fọ gíláàsì fún àwọn yòókù.

Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ nígbà tó rà á. Báyìí, bí mo bá gbé rúlà 12 íǹṣì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìrù rẹ̀ yọ kọjá. Ara rẹ̀ le koko. Kò ní ìpẹ́ bí ẹ̀pìyà, kò sì yọ̀ bí àrọ̀. Abẹ́ orí ni ẹnu rẹ̀ wà, ó sì fi ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì pinpin. Ọ̀sán kì í yá a lára, ṣùgbọ́n bí mo bá ń ránṣọ ọdún lóru, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń ha gíláàsì kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́, á sáré wá sókè, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á tún já lọ sísàlẹ̀.

Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ oníbàárà mi kì í sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ nítorí ẹ̀, n kò sì fẹ́ pa á. Àmọ́ ibẹ̀ ti há jù fún un. Gíláàsì náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Tó bá fẹ́ yíjú padà, orí á gbá ọ̀tún, ìrù á gbá òsì. Omi rẹ̀ sì ń dọ̀tí kíákíá, bẹ́ẹ̀ kílínà ni wọ́n pè é.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ti gbà. Àwọn ọmọ àdúgbò ní ká lọ dà á sínú odò, ẹ sì mọ̀ pé Ìgèdè wa yìí ni Ọ̀ṣun ti ń bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò mi tó ń sin àrọ̀ ní kí n mú un wá sínú pọ́ńdì òun, pé á máa bá òun jẹ ìdọ̀tí. Ìyá àgbà kan tó wá gba bùbá rẹ̀ wò ó títí, ó ní abàmì ni, pé ẹja tí egungun rẹ̀ wà níta kì í ṣe ẹja lásán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹja, irú ẹja wo lèyí? Ibo ló yẹ kí n mú un lọ?

Ọmọ Ìyìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Èyí ò le rárá. Inú omi ni wọ́n ti mú un, ẹ dá a padà sómi. Ẹ̀dá Ọlọ́run ni, á wá oúnjẹ ara rẹ̀. Tí ẹnì kan bá sì fi ìwọ̀ mú un lọ́jọ́ kan, á di ọbẹ̀, kò sí òfò níbẹ̀.

Ẹlẹ́ja Ìkéré

Ọmọ Ìyìn, mo mọ̀ pé inú rere lo fi sọ ọ́. Àmọ́ mádáàmù, mo bẹ̀ yín, ẹ má dà á sódò. Ẹ má dà á sí kọ́tà, ẹ má dà á sí adágún Ẹ̀rò, ẹ má dà á síbikíbi tómi ti lè gbé e lọ. Omi tí wọ́n ti mú ìran ẹja yìí kì í ṣe omi wa.

Mo ń sin àrọ̀ ní Ìkéré níbí, mo sì ní àwọn ẹja bíi tiyín yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà ohun tí mo ń fojú rí ni mò ń sọ. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé wọn, títí dé Panama àti Costa Rica. Loricariidae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé wọn. Nínú gbogbo àwọn ẹja tó jẹ́ ìbátan àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún káàkiri ayé, kò sí ìdílé tí oríṣi rẹ̀ pọ̀ tó tiwọn: ó ju 900 lọ. Ohun tó le lára ẹ̀ yẹn kì í ṣe ìpẹ́. Egungun gan-an ni, ó tò lérí ara wọn láti orí dé ìrù bíi páànù òrùlé. Ẹ bá mi sọ fún ìyá àgbà pé kò sí abàmì kankan níbẹ̀. Odò tí ẹja ńlá ti ń gbé ẹja kékeré mì ló ti wá, ohun tó fi ń gba ara rẹ̀ là nìyẹn.

Bó ṣe ń sáré wá gbé afẹ́fẹ́ mì nígbà tí iná bá lọ, bí wọ́n ṣe dá a ni. Nínú odò tiwọn lọ́hùn-ún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi máa ń fà, á gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á tán. Ikùn tí oúnjẹ ń gbà kọjá náà ni ẹja yìí tún fi ń mí: awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì kún un. Àrọ̀ tiwa náà ń gba afẹ́fẹ́ lókè omi, àmọ́ ẹ̀yà ara ọ̀tọ̀ ló fi ń ṣe tiẹ̀. Ìdí nìyí tí àìsí iná fi ń pa àwọn ẹja pupa tí kò sì pa èyí.

Ọ̀rọ̀ kílínà yẹn ń dùn mí, nítorí pé òun ló ń mú kí àwọn èèyàn ra ẹja tí wọn ò ní lè tọ́. Òótọ́ ni pé ó ń há ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì jẹ. Ṣùgbọ́n kì í jẹ ìgbẹ́ ẹja mìíràn. Ìfun rẹ̀ gùn, ó ká sínú ikùn rẹ̀ lọ súà, òun fúnra rẹ̀ sì ń ya ìgbẹ́ ju gbogbo àwọn ẹja pupa yẹn lápapọ̀ lọ. Ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan nínú ìtọ́jú ẹ̀, mádáàmù. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ bá mi wo nǹkan méjì kí n lè mọ èyí tó jẹ́ gan-an. Lẹbẹ ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó máa ń tẹ́ sílẹ̀ tó tún máa ń na ró, ẹ ka àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀gún àkọ́kọ́. Ṣé méje ni, àbí ó tó mẹ́wàá? Ìkejì, nígbà tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ wo ikùn rẹ̀ láti ìta. Ṣé àmì dúdú róbótó tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, àbí wọ́n ti wọnú ara wọn di ìlà wíwọ́wíwọ́?

Aránṣọ Ìgèdè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lálẹ́ àná. Ọ̀pá méjìlá ni mo kà. Àmì ikùn rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó pọ̀ yẹbẹyẹbẹ, àmọ́ wọn ò wọnú ara wọn.

Mo ti jíṣẹ́ yín fún ìyá. Ó ní tó bá jẹ́ egungun lásán ni, ó dáa.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú. Ẹja tó ń há ara òkúta jẹ, tí kì í gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí ló lè fi odò ṣe?

Ẹlẹ́ja Ìkéré

Pterygoplichthys pardalis nìyẹn. Ká ní méje lẹ kà ni, Hypostomus ni ì bá jẹ́. Ká ní àmì ikùn rẹ̀ wọ́ wọnú ara wọn ni, ìbátan rẹ̀ tó wá láti odò Madeira ni. Tiyín yìí, odò Amásọ́nì ní Bràsíl àti Pérù ló ti wá, ọdún 1855 sì ni Castelnau, ará Faransé, kọ nípa rẹ̀ tó fún un lórúkọ. Ó lè gùn ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì lè gbé ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ wá wò ó pé inú gíláàsì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni wọ́n tà á sí.

Ìbéèrè yín dáa, n kò bínú rárá. Ohun tó ń fi odò ṣe nìyí. Tí ìgbà ẹyin bá tó, akọ rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò wọnú bèbè odò, lábẹ́ omi. Ihò náà lè jìn tó mítà kan. Inú ibẹ̀ ni abo ń yé sí, ẹyin tó lè ju 500 lọ, akọ á wá dúró sẹ́nu ihò, á máa ṣọ́ ọ títí àwọn ọmọ á fi jáde. Bàbá tó dáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ fojú inú wo bèbè odò tí irú ihò bẹ́ẹ̀ wà lára ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ Èkìtì nígbà òjò. Ọ̀gbàrá tó ń já wá láti orí òkè wa kì í ṣeré. Bèbè tó dúró gbọn-in pàápàá ń ya, ká má tíì sọ èyí tí wọ́n ti lu jálajàla.

Ní Mẹ́síkò, adágún ńlá kan wà tó ń jẹ́ Infiernillo, lórí odò Balsas. Ẹ̀pìyà ni àwọn apẹja ibẹ̀ ń pa, ìyẹn ẹ̀pìyà tó jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni ìran rẹ̀ ti wá, òun ni wọ́n fi ń bọ́ ilé. Àwọn ẹja ẹlẹ́gungun yìí dé inú ẹ̀. Ó wá di pé tí wọ́n bá fa àwọ̀n sókè, àwọn ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ̀pìyà sì dọ̀wọ́n. Àwọ̀n gan-an ń ya, nítorí pé ẹ̀gún ẹja náà máa ń há sínú rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ẹja èṣù. Ní Puerto Rico, ẹyẹ ńlá tó ń fi ẹnu gbígbòòrò gbé ẹja, tí wọ́n ń pè ní pelican, gbé irú rẹ̀ mì, ẹ̀gún há a lọ́fun, ó sì kú. Ẹja yẹn máa ń na ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta, á sì ti í pa. Ẹ ò ní lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ó tún ti gba odò ní Florida, ní Filipíìnì, ní Bangladesh, ní Vietnam, ní Malaysia. Gbogbo ibi tí mo dárúkọ yìí, oòrùn ń mú níbẹ̀ bíi tiwa, òjò ń rọ̀ níbẹ̀ bíi tiwa.

Ọmọ Ìyìn

Ẹ̀gbọ́n Ìkéré, mo ti gbọ́, mo sì dúpẹ́. Mo fẹ́ bi yín tọkàntọkàn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni àǹtí ní. Ẹyọ kan ò lè bímọ. Tó bá dà á sódò tó sì kú síbẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, ṣé kò tán síbẹ̀?

Ẹlẹ́ja Ìkéré

Òótọ́ lo sọ, ẹyọ kan ò lè bímọ. Ká ní òun nìkan ló ní irú rẹ̀ ní gbogbo Èkìtì, ì bá tán síbẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó tà á fún àbúrò rẹ̀ ní Adó, ṣé ẹyọ kan ló tà? Gbogbo ẹni tó rà á ni tiwọn máa dàgbà ju gíláàsì lọ, nítorí pé ẹja yìí kì í dúró sí kékeré. Olúkúlùkù wọn á dúró níbi tí àǹtí dúró sí yìí, á ní “ẹyọ kan ni tèmi”. Ní Florida, àwọn èèyàn tó ń da ẹja ilé wọn sódò àti àwọn tí ẹja ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú pọ́ńdì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu pé òun fẹ́ ba odò jẹ́. Àánú ẹja ló ṣe wọ́n, bó ṣe ń ṣe ìwọ náà.

Ohun mìíràn tún ni pé ẹja tó ti gbé inú gíláàsì pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹja láti ilẹ̀ òkèèrè lè ní kòkòrò lára tí kò pa òun, tí àwọn ẹja tiwa ò sì tíì bá pàdé rí.

Ọmọ Òṣogbo ní Adó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí pé inú mi ò lélẹ̀ látìgbà tí mo ti ka ìbéèrè yìí.

Omi Ìgèdè yẹn kì í dúró sí Ìgèdè. Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ó ń gba Òṣogbo kọjá, ó ń gba Ẹdẹ, ó sì ń lọ títí dé ọ̀sà lọ́hùn-ún lápá Ẹ̀pẹ́. Ní igbó Ọ̀ṣun tiwa, tí UNESCO fi sára àwọn ibi àjogúnbá ayé lọ́dún 2005, ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀. Èèwọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe bí mi ni mo ṣe bá a. Ọmọ Ìyìn ní tí ẹnì kan bá mú un, á di ọbẹ̀. Ta ló máa mú un níbẹ̀? Ibi tó jẹ́ pé ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ kan ẹja, ibẹ̀ ni ẹja àjèjì tó ń gbẹ́ ihò máa pọ̀ sí jù. Bèbè odò yẹn ni ojúbọ wà. Òun ni Arugbá ń rìn lọ bá lóṣù Ògọ́ọ̀sì ọdọọdún. Ẹ bá mi dáàbò bò ó láti orísun, ẹ̀yin tó wà lórísun.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ọyẹ́

Ẹ káàárọ̀ o. Ìmọ̀ ẹja ni mo kọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọyẹ́. Kí n fi díẹ̀ kún un nípa pọ́ńdì àrọ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìyẹn.

Ẹ má mú un lọ síbẹ̀. Àrọ̀ ńlá ò mọ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ. Tó bá gbìyànjú láti gbé e mì, ẹ̀gún á há a lẹ́nu, àwọn méjèèjì ló lè kú. Tí pọ́ńdì náà bá tún jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀, kì í ṣe ti kọnkéré, akọ lè máa gbẹ́ ihò sí ògiri rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ńlá kan ṣoṣo lè kún pọ́ńdì dé ẹnu, tí ẹja á sì gba ibẹ̀ bọ́ sódò. Ìdọ̀tí tí aládùúgbò yín ń sọ, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù àti ìgbẹ́ àrọ̀ ni, ẹja yìí ò sì ní bá a gbé ìyẹn kúrò. Pípààrọ̀ omi ló máa gbé e kúrò.

Ní ti jíjẹ, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní ilé rẹ̀. Ní Amásọ́nì, acari tàbí bodó ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń sun ún lódindi, egungun rẹ̀ á wá dà bí àwo fún un, wọ́n á sì máa bu ẹran inú rẹ̀ jẹ. Wọ́n tún máa ń gbẹ ẹran rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná bíi gàrí, piracuí lorúkọ ẹ̀. Mo kàn sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ohun ègbin. Àmọ́ èyí tó ti ń gbé nínú gíláàsì, tí a ò mọ oògùn tí wọ́n ti dà sómi rẹ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó jẹ ẹ́. Àǹtí náà sì ti sọ pé àwọn ò fẹ́ pa á.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ irú rẹ̀ nínú gíláàsì kékeré, kó wá Ancistrus. Ìdílé kan náà ni, àmọ́ kì í sábà kọjá sẹ̀ǹtímítà 15. Akọ rẹ̀ máa ń ní irun ẹlẹ́ran wúruwùru níwájú orí, ẹ ò ní ṣì í mọ̀.

Aránṣọ Ìgèdè

Ẹ ṣeun gbogbo yín, pàápàá ẹni Òṣogbo. Mo ti pe àwọn ọmọ àdúgbò, mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ odò ti parí. Mo ti sọ fún aládùúgbò mi náà, ó gbà.

Ẹ̀gbọ́n Ìkéré, àbúrò mi ní kí n bi yín léèrè bóyá ẹ lè gbà á lọ́wọ́ wa. A ò ní gba owó. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kó ríbi yíjú sí lọ. Tẹ́ ẹ bá gbà, báwo ni mo ṣe máa gbé e láti Ìgèdè dé Ìkéré láìpa á lára? Mo ní korobá oníderí ńlá kan, mo sì lè ra àwọ̀n kékeré lọ́jà.

Ẹlẹ́ja Ìkéré

Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, mádáàmù. Mo ní táǹkì kọnkéré kan tó gba omi tó ju 2000 lítà lọ, abẹ́ òrùlé ló wà, kò sójú ọ̀gbàrá. Mo ti ju ìtì igi síbẹ̀ fún àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀, wọ́n fẹ́ràn àtimáa há a. Elégédé tí mo bọ̀ díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ ni mo fi ń bọ́ wọn nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi kùkúḿbà kún un nígbà tó bá wọ́pọ̀.

Ẹ má ra àwọ̀n. Ẹ̀gún rẹ̀ á há sínú ẹ̀, ẹ ó wá máa fi sísọ́ọ̀sì gé àwọ̀n lára ẹja. Abọ́ ike tó fẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bù ú pẹ̀lú omi. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ fi aṣọ tútù di ọwọ́ yín, ẹ má gbá a mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí níbi tí ẹ̀gún wà.

Ẹ má fún un lóúnjẹ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kó má baà da ìgbẹ́ sínú omi lójú ọ̀nà. Omi inú gíláàsì tiẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ bù sínú korobá, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ẹ má bù ú kún, ẹ jẹ́ kó dé ìdajì, kí afẹ́fẹ́ lè wà lókè tó máa gbé mì. Ẹ dé e, àmọ́ ẹ lu ihò kéékèèké sí ìdérí. Ó máa ń fò.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ gbéra, kí oòrùn tó mú. Ẹ gba Ìyìn wá sí Adó, èmi náà á ti dé Adó láti Ìkéré, ẹ ò ní láti gbé korobá wọ ọkọ̀ méjì. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ ká lè mú ọjọ́. Tí mo bá gbé e délé, díẹ̀díẹ̀ ni màá máa bu omi táǹkì mi sínú korobá náà kí n tó tú u sílẹ̀, kí ara rẹ̀ lè gbà á.

Omi tó bá kù nínú gíláàsì àti òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má dà wọ́n sí kọ́tà o. Ẹ da omi náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kẹ́ ẹ sì sá òkúta náà sóòrùn títí á fi gbẹ gbúgbú kẹ́ ẹ tó lò ó fún ohunkóhun.

Aránṣọ Ìgèdè

Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀gbọ́n. Àárọ̀ Sátidé bá mi lára mu.